Ẹ Jẹ́ Kí Á Bá Ọmọdé Sọ Ẹrù: Ìsinmi Fún Àwọn Ọmọ Tó Ń Tọ́jú Aláìsàn

  

    

Bí Ramadan bá ti dé, ọ̀rọ̀ ọmọ òrukàn, ọ̀rọ̀ opó àti ọ̀rọ̀ aláìní kì í wọ́n lẹ́nu àwọn oníwàásù, bó sì ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kan wà láàárín wa. A kò lè pè wọ́n ní ọmọ òrukàn, nítorí pé bàbá tàbí ìyá wọn ṣì wà láàyè. A kò lè pè wọ́n ní aláìsàn, nítorí pé ara tiwọn le. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò nawọ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, bí a bá ń kọ orúkọ àwọn tí sàráà tọ́ sí, orúkọ wọn kì í sí níbẹ̀. Àwọn ni ọmọdé tó ń tọ́jú aláìsàn nínú ilé. Lórí wọn ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí, àti lórí ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò rò pé a lè fi ṣe sàráà, èyíinì ni ìsinmi.

TA NI ÀWỌN ỌMỌ NÁÀ?

Ẹ wo ọmọ ọdún 11 kan tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsùbáà ló ti jí. Ó ti pọn omi, ó ti yí ìyá rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ti yí i sósì kí egbò má baà yọ sí i lẹ́yìn, ó ti nu ara rẹ̀, ó ti fún un ní oògùn, ó ti po ẹ̀kọ fún àbúrò rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó wọ aṣọ ilé-ìwé. Nígbà tó bá dé ọ̀hún, ó ti pẹ́. Tíṣà bi í léèrè, kò fèsì, nítorí wọ́n ti kọ́ ọ nílé pé a kì í tú àṣírí ilé síta. Ó gba ìyà, ó lọ jókòó, oorun sì gbé e lọ lórí tábìlì.

Ẹ wo ọmọbìnrin tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde. Bí egungun bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ẹ̀gbọ́n lóru, òun ni yóò gbé omi gbígbóná wá, òun ni yóò máa fọwọ́ wọ́ ọ lẹ́sẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ẹ wo ọmọkùnrin tó di ọ̀pá mú níwájú bàbá rẹ̀ afọ́jú láti àárọ̀ di alẹ́. Ojú méjì péré ló ní, àwọn méjì ló sì ń fi í ríran. Nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ka wàláà ní ilé-kéú, òun wà ní gáréèjì. Ẹ sì wo ọmọ tí àárẹ̀ ọpọlọ ń ṣe ìyá rẹ̀, tí kò lè sùn fọnfọn bí ọmọdé, nítorí kò mọ ìgbà tí ìyá yóò ṣílẹ̀kùn jáde láàárín òru.

Ẹ̀yin ará wa, kò sí àdúgbò tí irú wọn kò sí. Bí ẹ bá ronú díẹ̀, orúkọ ọ̀kan yóò wá sí yín lọ́kàn kí a tó parí ọ̀rọ̀ yìí.

ẸRÙ TÓ JU ORÍ LỌ

Ẹ má ṣì wá gbọ́ o. A kò wá sọ pé kí ọmọ pa òbí rẹ̀ tì. Nínú Suratul-Isra, ẹsẹ 23 àti 24, Ọlọ́hun so ṣíṣe dáadáa sí òbí mọ́ jíjọ́sìn fún Òun nìkan ṣoṣo, Ó sì kọ̀ fún ọmọ láti pòṣé sí wọn nígbà tí ogbó bá dé sí wọn. Nínú Suratu Luqman, ẹsẹ 14, Ó rán wa létí ìyà tí ìyá jẹ lórí oyún. Ọkùnrin kan wá bá Ànábì wa pé òun fẹ́ lọ sí ojú ogun. Ànábì béèrè bóyá òbí rẹ̀ wà láàyè. Ó ní wọ́n wà. Ànábì sì ní kí ó padà lọ máa tọ́jú wọn. Ẹ gbọ́ nípa Uways, ará Yemen, tó jẹ́ pé dáadáa tó ń ṣe fún ìyá rẹ̀ ló gbé orúkọ rẹ̀ ga, tí Ànábì fi sọ fún Umar pé bó bá rí i, kí ó ní kí ó tọrọ àforíjì fún òun. Nítorí náà, ọmọ tó ń tọ́jú òbí rẹ̀, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe, láádá rẹ̀ sì pọ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun.

Àmọ́ ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa. Àwọn àgbà wa ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún òwe yẹn gbọ́: “bí òkété bá dàgbà tán” ni wọ́n wí. Ìyá ti tọ́ ọmọ, ọmọ ti jẹ, ó ti yó, ó ti dẹni tó ní ọmú láyà. Ìgbà náà ló wá kàn án láti san oore. Bí òkété bá wá dùbúlẹ̀ àìsàn nígbà tí ọmọ rẹ̀ ṣì ń mu ọmú ńkọ́? Ọmọ tí òun fúnra rẹ̀ ṣì yẹ kí ó máa mu ọmú, wàrà wo ló fẹ́ fún ìyá rẹ̀ mu? Ibi tí òwe àwọn àgbà parí sí nìyẹn. Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ ti di ti mọ̀lẹ́bí, ó ti di ti aládùúgbò, ó ti di ti ìjọ mùsùlùmí.

Ẹ tún wo ààwẹ̀ tí a wà nínú rẹ̀ yìí. Ọ̀kan ni nínú àwọn òpó ẹ̀sìn. Síbẹ̀, Ọlọ́hun kò fi ṣe dandan fún ọmọ tí kò tí ì bàlágà. Bó bá gbà á, a ó kí i kú iṣẹ́. Bó bá jẹun lọ́sàn-án, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ààwẹ̀ àgbà pàápàá, ọjọ́ 29 tàbí 30 ni. Ó ní sààrì, ó ní ìṣínu, ó sì ní ìtúnú. Ta ni ó wá gbé ohun tó wúwo ju ààwẹ̀ lọ lé ọmọ kékeré lórí, ọdún 3, ọdún 5, tí kò sí ìṣínu níbẹ̀, tí kò sì sí ẹni tó mọ ọjọ́ ìtúnú rẹ̀?

Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn kọ́ wa pé ọ̀ranyàn kan wà tó jẹ́ ti àjùmọ̀ṣe. Bí ẹnì kan bá ṣe é, ó bọ́ lọ́rùn àwọn yòókù. Bí kò bá sí ẹni tó ṣe é, gbogbo ìjọ ló jẹbi. Ìtọ́jú aláìsàn tí kò ní olùrànlọ́wọ́ wà lára rẹ̀. Nígbà tí ọmọ ọdún 11 bá dá a ṣe, gbèsè gbogbo àdúgbò ló ń bá wọn san. Ṣé ó wá pọ̀ jù bí àdúgbò bá ní kí ó lọ sinmi fún ọjọ́ mẹ́ta péré?

ÌSINMI WÀ NÍNÚ Ẹ̀SÌN

Àwọn kan lè máa sọ nínú ọkàn wọn pé, “Ìsinmi kẹ̀? Ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ, ẹ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ fàájì fún un!” Ẹ jẹ́ kí á fara balẹ̀. Ẹsẹ tó sọ ààwẹ̀ di ọ̀ranyàn nínú Suratul-Baqarah, òun náà ló yọ̀ǹda fún aláìsàn àti arìnrìn-àjò pé kí wọ́n jẹun, kí wọ́n san án padà ní ọjọ́ mìíràn. Ẹsẹ 185 fi yé wa pé ìrọ̀rùn ni Ọlọ́hun ń fẹ́ fún wa, kò fẹ́ ìnira. Ẹsẹ tó parí súrà náà sì fi yé wa pé Ọlọ́hun kì í gbé ẹrù tó ju agbára lọ lé ẹ̀mí kankan lórí. Bí Ọba tó dá wa bá ń fi ìrọ̀rùn bá wa lò nínú ìjọsìn Rẹ̀, kí ló dé tí àwa yóò fi ni ọmọ ẹlòmíràn lára?

Sahaba kan wà tó ń jẹ́ Abu Darda. Ó ń fi ọ̀sán gbààwẹ̀, ó ń fi òru kírun, títí tí kò fi ráyè gbọ́ ti ìyàwó rẹ̀. Salman, ọ̀rẹ́ rẹ̀, là á yé e pé Ọlọ́hun ní ẹ̀tọ́ lọ́rùn rẹ̀, ara rẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́, àwọn ará ilé rẹ̀ sì ní ẹ̀tọ́. Nígbà tí Ànábì gbọ́, ó ní òtítọ́ ni Salman sọ. Bí ara àgbàlagbà tó ń jọ́sìn bá ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi, ara ọmọ tó ṣì ń dàgbà ńkọ́?

Ẹ wo bí Ànábì ṣe ń ṣe sí ọmọdé. Bó bá ń kírun lọ́wọ́, tó gbọ́ ẹkún ọmọ, yóò dín ìrun náà kù nítorí kí ọkàn ìyá ọmọ má baà dàrú. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ gun ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tó wà ní ìforíkanlẹ̀, ó sì jẹ́ kí ọmọ náà ṣeré tẹ́ ara rẹ̀ lọ́rùn kí ó tó gbé orí. Anas ọmọ Malik kéré nígbà tí wọ́n mú un wá láti máa sin Ànábì. Ọdún 10 ló fi sìn ín, ó sì jẹ́rìí pé Ànábì kò pòṣé sí òun rí. Anas yìí ní àbúrò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Abu Umayr, tó ní ẹyẹ kékeré tó fi ń ṣeré. Nígbà tí ẹyẹ náà kú, Ànábì bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ ẹyẹ rẹ̀, ó bá a ṣàwàdà láti tù ú nínú. Ẹ ò rí i! Ẹni tí ọ̀rọ̀ gbogbo ayé wà lọ́rùn rẹ̀ ráyè fún ẹyẹ ọmọdé. Eré ọmọdé kì í ṣe nǹkan yẹpẹrẹ nínú ẹ̀sìn wa.

OHUN TÍ ÀWỌN ẸLÒMÍRÀN TI ṢE

Ẹ jẹ́ kí á wo ohun tí àwọn ìlú mìíràn ti ṣe, kí á lè rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlá. Ní ìlú Zürich ní ilẹ̀ Switzerland, ní ọdún 1876, pásítọ̀ kan tó ń jẹ́ Walter Bion rí bí àwọn ọmọ tálákà ṣe há sínú ilé híhá nígbà tí ilé-ìwé gba ìsinmi. Ó kó ọmọ 68 lọ sí abúlé lórí òkè ní agbègbè Appenzell fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí wọ́n lè rí afẹ́fẹ́, kí wọ́n sì rí wàrà mu. Ní ọdún 1877, ní Amẹ́ríkà, àlùfáà ìjọ Kìrìsìtẹ́nì kan tó ń jẹ́ Willard Parsons bẹ àwọn ará ìjọ rẹ̀ ní Pennsylvania pé kí wọ́n gba àwọn ọmọ tálákà láti New York sílé lálejò. Láti ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ Fresh Air Fund ti jáde. Ní ọdún 1884, wọ́n dá irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ kíyè sí i pé ìjọba kọ́ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn ènìyàn ilé ìjọsìn, bí tiwa yìí, ni wọ́n fi ọrẹ kékeré bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tó yá, àwọn aláàánú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn ọmọ tó ń tọ́jú aláìsàn ní pàtàkì. Nínú ètò ìkànìyàn ọdún 2011, wọ́n ka ọmọ ọdún 5 sí 17 tó ń ṣe irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ní England àti Wales, wọ́n sì jẹ́ 177,918. Ọmọ ọdún 5 o! Ìwádìí tí ẹgbẹ́ The Children's Society gbé jáde ní ọdún 2013 fi hàn pé nínú ọmọ 12 irú wọn, ọ̀kan ń fi ju wákàtí 15 lọ ṣe ìtọ́jú lọ́sẹ̀ kan. Ìwádìí náà tún sọ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ láàárín ìdílé aláwọ̀ dúdú àti ti àwọn ará Éṣíà ju láàárín àwọn yòókù lọ. Ní ọdún 2014, wọ́n ṣe òfin ní England pé ìjọba ìbílẹ̀ gbọ́dọ̀ yẹ ọ̀rọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wò, kí wọ́n mọ ohun tó nílò. Ní Scotland, láti oṣù kẹwàá ọdún 2019, ìjọba ń fún àwọn ọmọ ọdún 16 sí 18 tó ń tọ́jú aláìsàn ní owó lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí wọ́n fi ṣe ohun tó bá wù wọ́n.

Ní ti ìsinmi gan-an, ẹgbẹ́ aláàánú kan tó ń jẹ́ Honeypot, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1996, ń gba àwọn ọmọ ọdún 5 sí 12 sí ilé kan nínú igbó New Forest. Ọrẹ àwọn ènìyàn ni wọ́n fi ń ṣe é. Ọmọ yóò lọ lo ọjọ́ díẹ̀ níbẹ̀, yóò sáré, yóò ṣeré, wọn yóò gbọ́únjẹ fún un, wọn yóò sì tẹ́ ibùsùn fún un. Fún ọmọ tó jẹ́ pé òun ló ń tẹ́ ibùsùn fún ìyá, kì í ṣe nǹkan kékeré bí ẹlòmíràn bá tẹ́ tirẹ̀. Ní ọdún 2000, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ àpéjọ kan ní Fairthorne Manor, ní agbègbè Hampshire, níbi tí àwọn ọmọ olùtọ́jú láti ìlú oríṣiríṣi ti ń pàdé ara wọn nínú àgọ́.

Ìpàdé yìí gan-an ni oògùn tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ tó ń tọ́jú aláìsàn rò pé òun nìkan ni Ọlọ́hun fún ní irú ẹrù yìí. Ọjọ́ tó bá bá ọmọ mìíràn jókòó, tí ìyẹn náà sọ pé òun ló ń fún bàbá òun lóúnjẹ, ìtìjú á kúrò lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ á sì jáde lẹ́nu rẹ̀. Àwọn ènìyàn wa ní Lọ́ńdọ̀nù náà mọ èyí. Sickle Cell Society, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1979, máa ń ṣètò ìsinmi fún àwọn ọmọ tó ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde. A sì mọ̀ pé kò sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń bí ọmọ tó ní àrùn yìí tó Nàìjíríà. Àrùn tiwa ni, ọmọ wa ló sì ń ṣe.

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ wà ní ìlú òyìnbó, tí ẹ ó gba ìwé pélébé yìí lọ́wọ́ ẹbí yín, ọ̀rọ̀ kan wà fún yín. Púpọ̀ nínú yín ń bẹ̀rù pé bí ilé-ìwé bá mọ̀ pé ọmọ ló ń tọ́jú yín, ìjọba yóò gba ọmọ lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ìrànlọ́wọ́ ni òfin ọdún 2014 náà wà fún. Ẹ bá olùkọ́ ọmọ yín sọ̀rọ̀. Ojú tó ń sunkún a máa ríran, ṣùgbọ́n ẹnu tó dákẹ́ ni kò sí ẹni tó lè ràn lọ́wọ́.

NÍ ILÉ TIWA ŃKỌ́?

Ní Nàìjíríà, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003 gbà pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi àti eré. Àdéhùn gbogbo orílẹ̀-èdè lórí ẹ̀tọ́ ọmọdé, ti ọdún 1989, ti sọ bẹ́ẹ̀ ṣáájú, ní abala 31. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kì í gbé ọmọ lọ sí ibi eré. Ènìyàn ló ń gbé e lọ.

Ohun tó múnú wa dùn ni pé irinṣẹ́ rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mùsùlùmí, MSSN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1954, máa ń ṣe àgọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn nígbà ìsinmi ilé-ìwé. Ọ̀pọ̀ mọ́ṣáláṣí ló ní ilé-kéú, tó ní àsálátù, tó ní ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Ohun tó kù ni kí á fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ tí kò lè wá. A mọ̀ pé kì í ṣe owó nìkan ló ń dá a dúró. Bí a bá fún un lówó ọkọ̀, ta ni yóò dúró ti ìyá rẹ̀? Nítorí náà, sàráà yìí ní apá méjì: kí á gbé ọmọ jáde, kí á sì gbé àgbàlagbà wọlé rọ́pò rẹ̀. Apá kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé, òun gan-an ló sì le jù.

Ẹ jẹ́ kí á to ohun tí ìjọ kọ̀ọ̀kan lè ṣe lẹ́sẹẹsẹ.

Èkínní, kí Lémọ́mù yan ènìyàn 2 tàbí 3 tó ṣeé fọkàn tán, kí Ìyá Àdínì wà lára wọn, kí wọ́n rọra wádìí ilé tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà. Kí wọ́n má kéde rẹ̀ lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Nínú Suratul-Baqarah, ẹsẹ 264, Ọlọ́hun kìlọ̀ pé kí á má fi ìrègún àti ìnira ba sàráà wa jẹ́. Ẹ má ya fọ́tò ọmọ náà láti fi han àwọn olówó.

Èkejì, kí á gba ìyọ̀ǹda òbí. Kí á tọ aláìsàn lọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí á má sọ̀rọ̀ bíi pé ó fìyà jẹ ọmọ rẹ̀. Kò sí ìyá tó wù ú kí ọmọ òun máa nu ara òun. Ìtìjú rẹ̀ pọ̀ ju tiwa lọ. Bí a bá bá a sọ ọ́ dáadáa, òun gan-an ni yóò kọ́kọ́ sọ pé, “Ẹ bá mi mú un jáde, ó ti rẹ̀ ẹ́.”

Ẹ̀kẹta, kí obìnrin 2 láti inú ẹgbẹ́ àwọn ìyá, tàbí ọkùnrin 2 bó bá jẹ́ bàbá ló ń ṣàìsàn, máa gba ipò ọmọ náà ní ọjọ́ Sátidé kan láàárín oṣù. Kí wọ́n kọ́kọ́ wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń fún aláìsàn ní oògùn, kí wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì bí ó bá yẹ. Ẹ má fi ojú kékeré wo ohun tí ọmọ náà mọ̀. Òun ni yóò kọ́ yín.

Ẹ̀kẹrin, kí á wá ibi tí àwọn ọmọ yóò lọ. Kò dìgbà tí a bá gun ọkọ̀ òfuurufú. Ní Ìbàdàn, ọgbà ẹranko Yunifásítì wà níbẹ̀, ọgbà Agodi náà wà níbẹ̀. Abẹ́òkúta ní Òkè Olúmọ. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní omi tó ń dà láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ní ìsun omi gbígbóná ní Ìkógòsì. Bí agbára bá sì tó, kí á san owó àgọ́ ìsinmi fún ọmọ 2 tàbí 3 lọ́dún.

Ẹ̀karùn-ún, ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ àmáńà. Kí ó má sí ìgbà kan tí àgbàlagbà kan ṣoṣo yóò dá wà pẹ̀lú ọmọ. Kí obìnrin máa bá àwọn ọmọbìnrin lọ. Kí á mọ ẹni tí a fi síbẹ̀ àti ìwà rẹ̀. Sàráà tí a kò ṣọ́ lè di ìbànújẹ́.

Ní ti owó, sàká ní àwọn ẹni 8 tí Ọlọ́hun ti kà nínú Suratut-Tawbah, ẹsẹ 60. Bí ilé náà bá jẹ́ ti aláìní, ẹ̀tọ́ wọn ni kí sàká dé ọ̀dọ̀ wọn fún oúnjẹ àti oògùn. Ti ìsinmi yìí, ẹ jẹ́ kí á fi sàráà ṣe é, nítorí ọ̀nà sàráà gbòòrò. Sàká ìtúnú ààwẹ̀ náà súnmọ́ tòsí. Nígbà tí ẹ bá ń wọn oúnjẹ kí a tó lọ sí yídì, ẹ rántí ilé tó jẹ́ pé ọmọdé ló ń dáná níbẹ̀.

Àwọn kan ní bí a bá fi ìgbádùn han irú ọmọ bẹ́ẹ̀, kò ní fẹ́ padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Rárá o. Ẹni tó ru igi láti oko, bó bá sọ ẹrù kalẹ̀ lábẹ́ igi, tó mu omi, ilé náà ló ń bọ̀. Ẹni tí kò bá sọ ọ́ kalẹ̀ rárá ni ọrùn ń ṣẹ́. Ọmọ tó sinmi á padà wá tọ́jú òbí rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rín. Ọmọ tí kò sinmi lè máa ṣe é pẹ̀lú ìbínú tí kò lè sọ jáde, bó bá sì dàgbà tán, kí ó di ẹni tí kò fẹ́ rí aláìsàn sójú mọ́.

ÌWỌ ỌMỌ WA

Kí á tó parí, a fẹ́ bá àwọn kan sọ̀rọ̀ fúnra wọn. Ìwọ ọmọ wa, bóyá o ń gbọ́ wa báyìí bí o ti ń fọ aṣọ aláìsàn lọ́wọ́, tàbí bí o ti jókòó ti ibùsùn ìyá rẹ. A kí ọ o. O kú iṣẹ́. Ọlọ́hun rí ọ ní òru tí ẹnikẹ́ni kò rí ọ. Bí ó bá rẹ̀ ọ́, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Bí o bá sunkún, kò túmọ̀ sí pé o kò fẹ́ràn òbí rẹ. Bí ó bá wù ọ́ láti lọ gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ, ọmọdé ni ọ́, bó sì ṣe yẹ kó wù ọ́ nìyẹn. Má ṣe dá ru ú. Sọ fún olùkọ́ rẹ, sọ fún Lémọ́mù àdúgbò, sọ fún Ìyá Àdínì. Bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá gbọ́ ọ, sọ fún ẹnì kejì. Kì í ṣe pé o tú àṣírí ilé. Ìrànlọ́wọ́ lo ń wá fún ilé.

Ẹ̀yin àgbà, ọmọ náà ti ń gbọ́. Bó bá wá bá yín lọ́la, kí lẹ ó wí fún un? Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ “máa ṣe sùúrù” nìkan. Sùúrù ló ti ń ṣe bọ̀. Ẹ gba ọ̀pá lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọjọ́ kan.

Ọlọ́hun Ọba, fún gbogbo aláìsàn ilé wa ní ìwòsàn. Jẹ́ kí àwọn òbí tó wà lórí ìdùbúlẹ̀ dìde láti rí èrè ọmọ wọn. Fi alùbáríkà sí ayé àwọn ọmọ tó ń tọ́jú wọn, má jẹ́ kí ẹrù yìí tẹ̀ wọ́n bá. Fi àánú wọn sí ọkàn wa, kí Ó sì gba ààwẹ̀ wa, ìrun wa àti sàráà wa ní iṣẹ́ rere. Ẹni tó lọ ń bẹ nínú ìkẹ́ Rẹ, ẹni tó kù ń bẹ nínú ìṣọ́ Rẹ. Àmín, láṣẹ Ọba tó ni ọ̀la.